Ẹ Má Fojú Tẹ́ńbẹ́lú Oníṣòwò Nínú Dragon Quest III

Ata ni ìyá mi ń tà ní ọjà Òkè Àjé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, láti kékeré ni mo sì ti ń bá a pàtẹ. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ẹni tó ń gbá géèmù Dragon Quest III sọ pé iṣẹ́ Merchant, ìyẹn oníṣòwò, ò wúlò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbá a.

Ọmọ ọdún 16 lẹ máa jẹ́ nígbà tí ọba Aliahan bá rán yín láti lọ bá Baramos, ọ̀gá àwọn ẹ̀mí èṣù, jà. Kí ẹ tó jáde nílùú, ẹ ya ọ̀dọ̀ Patty, obìnrin tó ń bá èèyàn wá ẹlẹgbẹ́ ìrìn àjò, kí ẹ yan ẹni mẹ́ta. Ẹ mú Priest, torí ẹni tó ń wo ọgbẹ́ ò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ mú Monster Wrangler, ẹni tó ń bá àwọn ẹ̀dá abàmì ṣọ̀rẹ́: kò sí nínú ti ọdún 1988, inú èyí tí wọ́n tún ṣe, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ni wọ́n ti mú un wọlé, ọwọ́ rẹ̀ sì le lójú ìjà. Ẹnì kẹta ni Merchant. Bí ìjà bá parí, ó lè bá yín rí owó kún owó. Mo sọ tèmi ní Aje.

Bí boomerang, ohun ìjà tí wọ́n ń jù tó ń padà wá, bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lò ó, gbogbo ọ̀tá ló ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Orí Switch, ẹ̀rọ géèmù tó ṣeé gbé lọ́wọ́, ni mo ti ń gbá a, torí bí iná bá lọ, bátìrì á ṣì gbé mi díẹ̀. Géèmù náà máa ń tọ́jú ibi tí ẹ dé fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ẹ máa yà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ ṣe séèfù kí ẹ tó wọ ihò.

Àwòrán ayé ibẹ̀ jọ ti ayé wa. Níbi tó yẹ kí Pọ́túgàl wà, Portoga lẹ máa bá. Ọba ibẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ owó. Ata dúdú láti Baharata, níhà ìlà oòrùn, ló ń fẹ́. Ó máa fún yín ní lẹ́tà, ẹ mú un lọ fún aràrá tó ń gbé inú ihò, òun ló máa ṣí ọ̀nà. Ní Baharata, olè tó ń jẹ́ Robbin' 'Ood ti gbé ọmọbìnrin kan lọ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ á sì sáré tẹ̀ lé e. Ẹ gba àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló máa fún yín ní ata lọ́fẹ̀ẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé ata náà fún ọba, ìyá mi jókòó tì mí, ó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú iyèré, agolo mílíìkì tó fi ń wọ̀n ọ́n wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè.

“Odindi ọkọ̀? Agolo mélòó lo fún un?”

Mo ní díẹ̀ báyìí ni. Ó ronú sí i, ó ní a jẹ́ pé ata wọ́n nílùú yẹn ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Mo dá géèmù dúró, mo bá a ṣa iyèré tó kù.

Alltrades Abbey ò jìnnà sí Baharata. Ẹni tó bá ti dé ìpele 20 lè pààrọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, àfi akọni fúnra rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yin gan-an. Á padà sí ìpele 1, agbára rẹ̀ á dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n idán tó ti kọ́ ò ní lọ.

Níbi tí mo ti ṣìṣe rèé. Tí ẹ bá ti fi ọkọ̀ dé etí òkun níbi tí Amẹ́ríkà yẹ kó wà, bàbá àgbà kan á ní kí ẹ fún òun ní oníṣòwò tí àwọn máa jọ dá ìlú sílẹ̀. Mo fún un ní Aje, Aje tí mo ti ń tọ́ bọ̀ láti Aliahan. Àwa mẹ́ta la padà sínú ọkọ̀. Ẹ̀yin, ẹ padà sọ́dọ̀ Patty kọ́kọ́, kí ẹ dá Merchant tuntun sílẹ̀. Ìpele 1 náà tó.

Ẹ máa yà síbẹ̀ lóòrèkóòrè. Ilé á máa pọ̀, ọjà á dé, títí ará ìlú á fi dìtẹ̀ mọ́ oníṣòwò náà, tí wọ́n á tì í mọ́lé. Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni Yellow Orb, òkúta roboto kan tó ní agbára, wà. Mẹ́fà ni irú Orb bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá sì pé, ẹyẹ Ramia ò ní jí láti gbé yín lọ bá Baramos. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ sídìí àga. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ní túbú, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀.