Epo lẹ fẹ́ fi pọ́n ọ̀bẹ dípò omi? Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyí

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó tẹ́ẹ máa ń pọ́n ọ̀bẹ, àdá tàbí irinṣẹ́ kápẹ́ńtà fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Òkúta onígun mẹ́rin tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, tí apá kan ẹ̀ rí ṣákaṣàka tí apá kejì sì kúnná, kì í ṣe inú àpáta ni wọ́n ti gé e bíi tàwọn baba wa, ilé iṣẹ́ ló ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, silicon carbide ni, tí Edward Acheson ará Amẹ́ríkà ṣàwárí ní 1891 tó sọ ọ́ ní carborundum, tàbí kó jẹ́ aluminium oxide. Méjèèjì le ju irin ọ̀bẹ lọ, torí náà òkúta fúnra ẹ̀ ló ń jẹ irin, kì í ṣe epo, kì í ṣe omi.

Kí wá ni iṣẹ́ epo? Lẹ́búlẹ́bú irin tó ń jáde bẹ́ẹ ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ lọ, epo ló máa gbé e léfòó kó má bàa wọnú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lójú òkúta. Tó bá fi lè dí ibẹ̀, ojú òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ọ̀bẹ á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni, ẹ máa fà á títí apá á fi máa ro yín, kò ní mú. Omi náà lè ṣe iṣẹ́ yìí o, àmọ́ òkúta tètè máa ń fà á mu, nígbà ọyẹ́ gan-an kíá ló ti gbẹ, epo ní tiẹ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀. Àdá tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àti ṣísẹ̀lì àwọn kápẹ́ńtà sì tètè máa ń dípẹtà tómi bá kàn wọ́n, ìdí nìyẹn témi fi fara mọ́ epo fún irú irin bẹ́ẹ̀.

Irú epo wo? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba òkúta jẹ́. Ẹ má lo epo pupa, ẹ má lo òróró ẹ̀pà, bó ti wù kó wà nítòsí tó. Tí wọ́n bá pẹ́ lára òkúta wọ́n á ki, wọ́n á lẹ̀ pinpin bíi gọ́ọ̀mù, wọ́n á sì dí gbogbo ihò tá a ní kó má dí yẹn. Epo ẹ́ńjìnnì ki jù, èyí tí mẹkáníìkì ti dà nù sì burú jù, ìdọ̀tí irin ló kún inú ẹ̀. Epo fẹ́lẹ́ tí àwọn télọ̀ ń fi sí maṣíìnì ìránṣọ lẹ máa wá, ó dáa gan-an. Baby oil náà dáa, àgàgà fún ọ̀bẹ ìdáná, torí mineral oil, ìyẹn epo tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì, ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kàn fi lọ́fínńdà sí i ni. Tí epo tẹ́ẹ ní bá ṣì ki, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ là á, àmọ́ kó jìnnà síná o.

Kì í ṣe gbogbo òkúta ló gba epo ṣá. Àwọn òkúta irú ti Japan tí wọ́n kọ 1000 tàbí 6000 sí lára, omi ni wọ́n ṣe wọ́n fún, epo máa bà wọ́n jẹ́. Tí kò bá sí nǹkan kan lára ẹ̀, ẹ kán omi sí i: tó bá mu ún lójú ẹsẹ̀, tẹ́ẹ wá fa ọ̀bẹ lórí ẹ̀ tó ń yọ ẹrẹ̀ bí òkúta ṣe ń jẹ ara ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún omi. Èyí tó le gbandi ni kẹ́ẹ fi epo sí.

Ó yá, ẹ gbé òkúta lé àkísà tútù kó má bàa máa rìn, ẹ kán epo sí apá ṣákaṣàka, ẹ fi ìka tẹ́ ẹ káàkiri, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ débi táá máa ṣàn sílẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀, bíi dígírì 15 sí 20 fún ọ̀bẹ ìdáná, 25 sí 30 fún ṣísẹ̀lì, kẹ́ẹ sì jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ máa fà á lápá kan títí ẹ máa fi fọwọ́ kan etí irin wẹ́wẹ́ tó yọ sí òdìkejì, tó ń kọ́ni lọ́wọ́ díẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó lè yí i. Tí epo bá ti dúdú, ẹ nù ún kúrò kẹ́ẹ kán tuntun. Tó bá yọ lápá kejì náà, ẹ bọ́ sórí apá tó kúnná, ẹ rọra fà á láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù.

Òkúta tó bá ti mu epo, omi ò ní dúró lára ẹ̀ dáadáa mọ́, torí náà ẹ pinnu èyí tẹ́ẹ fẹ́ kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá wá ti dí, ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbo ó, kẹ́ẹ wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Ẹ má jù ú síná kí epo ẹ̀ lè jó kúrò, ó lè là. Tí àárín ẹ̀ bá ti jìn, ẹ wá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, ẹ da yanrìn tó kúnná àti omi síbẹ̀, kẹ́ẹ máa yí òkúta lórí ẹ̀ títí á fi gún. Ọ̀bẹ ìdáná, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó kan ẹran.