Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Dúró De Ọlọ́run Lórí Ìpinnu Ńlá

Ẹni tó fẹ́ yan ọkọ tàbí aya, tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tó fẹ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ìlú tí kò dé rí, ohun tí a máa ń sọ fún un ni pé kó gbàdúrà, kó sì dúró de Olúwa. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba la máa ń sọ nípa bí a ṣe ń dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kéèyàn ti pinnu tán kó tó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Bábílónì pa Jerúsálẹ́mù run, àwọn tó ṣẹ́kù ní Júdà tọ wòlíì Jeremáyà lọ pé kó bá àwọn bi Olúwa. Wọ́n búra pé ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú, àwọn yóò gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ìdáhùn dé: ẹ dúró sí ilẹ̀ yìí, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Ni wọ́n bá ní irọ́ ni Jeremáyà ń pa. Ẹ ka Jeremáyà 41 sí 43 dáadáa: kí wọ́n tó béèrè rárá ni wọ́n ti dó sí ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí wọ́n ń múra Íjíbítì. Wọ́n kàn fẹ́ kí Ọlọ́run fọwọ́ sí i ni.

Bí o bá ti ń kúrò lọ́dọ̀ pásítọ̀ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn títí wàá fi rí ẹni tó máa sọ ohun tó wù ọ́, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Má ṣe díbọ́n. Sọ fún Ọlọ́run gbangba pé ọkàn rẹ ti lọ síbẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ lágbára láti gba “rárá”. Àdúrà yẹn nira, àmọ́ òótọ́ ń bẹ nínú rẹ̀.

Má sì sọ ìdúró di ìjókòó lásán. Nehemáyà, agbọ́tí ọba Páṣíà, gbààwẹ̀, ó gbàdúrà láti oṣù Kísílẹ́fì títí di Nísánì, bí oṣù 4, kí ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ Jerúsálẹ́mù tó dé iwájú ọba. Nígbà tí ọba sì bi í ní ohun tó ń fẹ́, kò kólòlò: ó dá ìgbà tí yóò padà, ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà, ó béèrè igi fún ẹnubodè. Nítorí náà, bí o ti ń gbàdúrà lórí iṣẹ́ tuntun, ka ìwé àdéhùn rẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá ni, béèrè nípa gbèsè, nípa ìlera, nípa bó ṣe ń ṣe nígbà tí inú bá ń bí i. Ìwádìí kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Má ṣe fi àmì pinnu, bíi kéèyàn sọ pé “bó bá pè mí lónìí, òun ni.” Ìpè kò fi ìwà hàn. Gídíónì tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀ kó tó tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀ láti fi béèrè àmì.

Má jẹ́ kí ìbẹ̀rù pinnu fún ọ. Sọ́ọ̀lù, ọba Ísírẹ́lì, dúró ní Gílígálì fún ọjọ́ 7 tí wòlíì Sámúẹ́lì dá pé òun yóò fi wá rú ẹbọ, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn ń túká, ó rú ẹbọ náà fúnra rẹ̀. Bó ṣe parí rẹ̀ báyìí ni Sámúẹ́lì dé. Ọjọ́ orí tó ń lọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí lè ti èèyàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, gbèdéke gidi wà. Bí wọ́n bá fẹ́ èsì lọ́jọ́ Ẹtì, tọrọ àfikún àkókò. Bí wọn ò bá gbà, fi ìmọ́lẹ̀ tí o ní pinnu.

Èyí tó kù, àwa onígbàgbọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ: má ṣe fi ẹlòmíì sórí ìrètí lọ́dún dé ọdún pẹ̀lú “mo ṣì ń gbàdúrà.” Ẹni tó ń retí èsì rẹ náà ní ayé tirẹ̀. Dá ọjọ́ fún un, kí ọjọ́ náà má sì kọjá láìjẹ́ pé o dá a lóhùn, kódà bó jẹ́ pé ohun tí wàá sọ ni pé kó má dúró dè ọ́ mọ́.