Kẹ̀kẹ́ àti irinṣẹ́ tó yẹ fún triathlon

Kẹ̀kẹ́ tó bá ara rẹ mu ni kó o kọ́kọ́ wá, kì í ṣe èyí tó ń dán jù. Triathlon ni ìdíje tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré tẹ̀ léra. Fún èyí tó kúrú, ìyẹn lílúwẹ̀ẹ́ mítà 750, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 20 àti eré sísá kìlómítà 5, kẹ̀kẹ́ eré ojú títì lásán ti tó. Kẹ̀kẹ́ triathlon gan-an máa ń la atẹ́gùn dáadáa, àmọ́ ó ṣòro láti darí níbi kọ́nà, bíréèkì rẹ̀ sì máa ń jìnnà sọ́wọ́ tó o bá ti tẹ̀ba lé e.

Ibi ìjókòó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Wọ bàtà rẹ, gun kẹ̀kẹ́, fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Tó o bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún á ká díẹ̀. Bí ìjókòó bá ga jù, ìbàdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀yìn orúnkún á sì máa dùn ọ́; bó bá lọ sílẹ̀ jù, iwájú orúnkún ni ìrora á wà. Sún un ní mílímítà 5 lẹ́ẹ̀kan, kó o tún gùn ún wò.

Akoto ò ṣeé yọ sílẹ̀ rárá. De okùn rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, torí ìjìyà wà fẹ́ni tó bá gbàgbé. Kó tíúbù kan, ọ̀pá ìṣítáyà méjì àti páǹpù kékeré dání.

Ní ti aṣọ, ra ti triathlon tí kì í fa omi mu. Tìmùtìmù tí wọ́n rán sí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ní há ọ nítan nígbà tó o bá ń sáré.