Ìrìnàjò Ọ̀nà Jíjìn Pẹ̀lú Ọmọ Wẹ́wẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Bí tọkọtaya bá fẹ́ kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ gun òkè, tàbí kí wọ́n wa ọkọ̀ la orílẹ̀-èdè mẹ́ta mẹ́rin kọjá, máàpù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní láti ìlú yìí dé èyí tó kàn jẹ́ 400 kìlómítà, wákàtí 5 ni, kílẹ̀ tó ṣú a ti dé. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń wọ́. Nínú wákàtí 5 tí wọ́n kà yẹn, ọmọ ọdún 3 kò tíì tọ̀, àbúrò rẹ̀ kò tíì bì sára aṣọ, bàtà ẹsẹ̀ kan kò tíì bọ́ sábẹ́ àga, ẹnikẹ́ni kò sì tíì figbe ta pé òun ò wọ ọkọ̀ yìí mọ́.

Mi ò sọ pé kí ẹ má kó ọmọ rìn o. Ọmọdé tó bá sùn nínú àgọ́, tó rí òkè tí yìnyín bò lórí, tó sì bá ọmọ tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ṣeré títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé. Àmọ́ bí ẹ bá tọpa ọ̀pọ̀ wàhálà tó ń ba irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ jẹ́ dé ìdí, ẹ ó rí i pé àgbàlagbà ló ṣètò rẹ̀ fún ara rẹ̀, tó wá di àwọn ọmọ mọ́ ẹrù.

Kíkánjú

Ètò ìlú 11 láàárín ọjọ́ 14, ẹ fà á ya. Ìlú tí ẹ bá dé, ẹ sùn níbẹ̀ fún alẹ́ méjì ó kéré tán, kí ọjọ́ kan sì máa wà láàárín tí ẹ kò ní lọ síbì kankan. Ọmọ ọdún 4 lè rìn jìnnà ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n kì í rìn tààrà. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ìjàlọ, kó ṣa òkúta, kó tún padà lọ wò ó bóyá ìjàlọ náà ṣì wà níbẹ̀. Òbí tó ń wọ́ ọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè tètè dé ibi ìwòran kò mọ̀ pé lójú ọmọ, ìjàlọ yẹn gan-an ni ìwòran.

Aago náà ńkọ́? Bí aago ibi tí ẹ ń lọ bá fi wákàtí 6 yàtọ̀ sí ti ilé, ara á gbà tó bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan kó tó mọ́ ọn lára. Ọmọ á jí ní aago 3 òru, ojú rẹ̀ á dá ṣáká, á ní ebi ń pa òun. Òbí tó bá a ṣe àìsùn yẹn ló tún máa jókòó sídìí ọkọ̀ láàárọ̀. Ẹranko igbó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé. Ẹ má wakọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá balẹ̀. Ẹ má rin ọ̀nà tí ẹ ò mọ̀ lóru. Ẹ máa dúró ní wákàtí méjì méjì, kí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ sáré káàkiri, kódà bí wọ́n bá ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, kí awakọ̀ ná ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé ẹni tó ń yáni lọ́kọ̀ pé ó máa ní àga ọmọdé. Ẹ gbé tiyín dání láti ilé, tí ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń dè é. Bó ti wù kí òbí lágbára tó, kò lè di ọmọ orí itan mú bí ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan.

Òkè gíga

Láti nǹkan bí 2,500 mítà sókè ni òkè ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èèyàn, ìyẹn àìsàn tí afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ lókè ń fà. Cusco ní Peru ga tó 3,400 mítà, La Paz ní Bolivia ga tó 3,600, bàálù sì lè já yín sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo láti etí òkun. Ìlànà tí àwọn dókítà tó ń rí sí àìsàn òkè ń tẹ̀ lé ni pé bí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ òní kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tí ẹ sùn lánàá. Bí ẹ bá sì ti gun 1,000 mítà, ẹ sinmi fún ọjọ́ kan. Fún ọmọ wẹ́wẹ́, èmi á ní kí ẹ tún dín in kù.

Àṣìṣe tó léwu jù níbẹ̀ ni kí ẹ máa retí kí ọmọ sọ pé orí ń fọ́ òun. Ọmọ ọdún 2 kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Oúnjẹ ni yóò kọ̀. Á máa kanra, kò ní ṣeré, kò ní sùn dáadáa, á lè bì. Òbí á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí eyín ló ń yọ. Lórí òkè, ẹ gbà pé òkè ló ń ṣe é títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí mìíràn. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Bí kò bá sàn, tàbí tó ń le sí i, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ìbáà ṣe òru. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sàn láàárín 300 sí 1,000 mítà sísọ̀kalẹ̀. Kò sí oògùn tó dà bí ìsọ̀kalẹ̀.

Omi mímu pàápàá ń yí padà lókè. Bí ẹ bá ti kọjá 2,000 mítà, omi tí ẹ bá ń sè fún mímu ní láti hó fún ìṣẹ́jú 3, torí kì í gbóná tó ti ìsàlẹ̀ kó tó hó. Nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú 1 tó.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn

Ẹ fojú inú wò ó. Bàbá gbé ọmọ sínú àpò onírin tí wọ́n fi ń pọn ọmọ gun òkè. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òógùn ti bo bàbá, ó bọ́ kóòtù, ó so ó mọ́dìí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ rárá. Ó jókòó sínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ dirodiro, okùn àpò fún un ní itan débi pé ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dé ìsàlẹ̀ bó ṣe yẹ, bàtà kan ti já bọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bàbá ń ro pé ooru mú gbogbo wọn. Òtútù ń pa ọmọ.

Ẹ má fi ara yín wọn ti ọmọ. Ẹ má sì fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìkan, torí ìyẹn lè tutù láìsí ewu. Ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀. Ní ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó rìn, kó fò. Bí ọmọ tó ti ń gbọ̀n bá ṣàdédé dákẹ́, tó ń tòògbé, ẹ má yọ̀ pé ó ti sùn. Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé, ẹ bọ́ aṣọ tó tutù lára rẹ̀, kí ẹnì kan gbá a mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ gbígbẹ, kí ẹlòmíràn sì máa wá ìrànlọ́wọ́. Ọmọ tí kò bá tíì lè jókòó fúnra rẹ̀, bí oṣù 6 ó kéré tán, kò yẹ kó wọ irú àpò yẹn rárá.

Nínú oòrùn, òdìkejì ni. Aṣọ tí ẹ ta bo ọmọ kí oòrùn má pa á lè sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, kí inú ibẹ̀ gbóná ju ìta lọ.

Ajá, ọ̀bọ, àti ohun tí ọmọ fi pa mọ́

Ẹ ti kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ kan ajá. Ó fọwọ́ kàn án. Ajá ha á léèékánná, tàbí ó gé e jẹ fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé ó máa sọ fún yín? Bí ó bá mọ̀ pé ìbáwí ló kàn, kò ní sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìkìlọ̀ nìkan kò tó, pàápàá fún ọmọ ọdún 5 sí 10 tó ti gbọ́n débi àtifi nǹkan pa mọ́. Nínú èèyàn 10 tí ẹranko tí wọ́n fura sí pé ó ní dìgbòlugi bù jẹ, nǹkan bí 4 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Bí àmì àìsàn náà bá sì ti hàn, ikú ló sábà máa ń já sí.

Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé: bí ẹranko bá ha yín, ẹ wá sọ, a ò ní bínú. Kí ẹ sì mú ìlérí yẹn ṣẹ. Bí ẹ bá ń wẹ̀ wọ́n lálẹ́, ẹ máa wo apá àti ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹ bá rí ọgbẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe bí ìrìnàjò bá parí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí wọ́n gbà ṣáájú kò ní kí ẹ má lọ, ṣùgbọ́n ó ń dín iye abẹ́rẹ́ kù, ó sì ń yọ yín kúrò nínú wíwá oògùn tí wọ́n ń gún sójú ọgbẹ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an ní ọ̀pọ̀ ibi tó jìnnà sí ìlú ńlá.

Oògùn àti ìwé

Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra kí ẹ tó rí dókítà. Oṣù méjì ṣáájú ló dáa. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí wọ́n gún un, wọn kì í sì í gún un fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn ibà, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ìrìnàjò bá kù díẹ̀, kí ẹ má lo ìwọ̀n ọdún tó kọjá. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ẹ má fún un ní oògùn tí àgbàlagbà fi ń dá ìgbẹ́ dúró. Ẹ kó omi iyọ̀ àti ṣúgà alápò dání. Bó bá tán, ẹ po èyí pọ̀: lítà 1 omi tó mọ́, ṣíbí kékeré 6 ṣúgà tí ẹ gé lórí, àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀. Bí kò bá tọ̀ mọ́, tó ń sunkún láìsí omi lójú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìwé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó, pásípọ́ọ̀tù ọmọdé kì í ju ọdún 5 lọ, nígbà tí ti òbí jẹ́ 10, ìdí nìyẹn tí ti ọmọ fi máa ń kú láìfura. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń béèrè kó ku oṣù 6. Bí òbí kan ṣoṣo ló ń kó ọmọ lọ, kó mú ìwé ìbí ọmọ àti ìwé àṣẹ òbí kejì dání. Ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín dé ìsàlẹ̀: òmíràn kì í sanwó ohun tó bá ṣẹlẹ̀ kọjá gíga kan lórí òkè, òmíràn ò sì mẹ́nu kan hẹlikópítà rárá.

Ẹni tó lè ní ká padà

Owó tí ẹ ti san ló máa ń ti òbí síwájú nígbà tó yẹ kó yíjú padà. Òjò ti ń ṣú, ọmọ ń wú ikọ́, ibi tí wọ́n ń lọ kò ju wákàtí méjì lọ mọ́, ọ̀kan nínú àwọn òbí sì ti ń wo ẹ̀yìn ṣùgbọ́n kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó bà á jẹ́. Kí ẹ tó gbéra nílé, ẹ jọ fẹnu kò pé èyíkéyìí nínú yín tó bá ní ká padà, ẹ ó padà, àríyànjiyàn rẹ̀ á di ọ̀la lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ọmọ tó bá ti tó ọdún 8 tàbí 9, kí òun náà wà lára àwọn tó lè sọ ọ́. Ó lè lò ó nílòkulò lẹ́ẹ̀kan torí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ẹ padà náà, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun já mọ́ nǹkan, torí ó lè jẹ́ òun ló máa rí ìkùukùu lọ́jọ́ mìíràn.