Bí A Ṣe Ń Fi Inú Rere Gba Àtúnṣe Ẹlòmíràn Nínú Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ àyọkà sórí Wikipedia èdè Yorùbá, tàbí tó ń ya ojú ọ̀nà àti ilé sórí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò jí lọ́jọ́ kan bá a pé ẹlòmíràn ti tún iṣẹ́ òun kọ. Kò sí ẹni tó ń gba owó níbẹ̀, kò sí ọ̀gá tó pín iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, a kì í sì í sábà mọ ojú ara wa. Ìdí nìyí tí ìlànà kan fi wà lórí Wikipedia pé kí a kọ́kọ́ gbà pé ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ wa fẹ́ kí iṣẹ́ náà dára sí i ni, títí a ó fi rí ẹ̀rí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ wá bà á jẹ́. Ìlànà yìí tún wà nínú òfin ìwà tí Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, kéde fún gbogbo àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni rẹ̀ ní 2021. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò inú lásán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ní bí a ṣe ń ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe tíì tẹ ibi tí wọ́n ti ń dá àtúnṣe padà, ìyẹn ni pé kí a sọ àyọkà di bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí ojú ìtàn àyọkà náà, níbi tí gbogbo àtúnṣe tó ti kọjá wà ní títò, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tuntun wé ti àtijọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tí ó yí padà kí ẹ tó wo orúkọ ẹni tó yí i. Ìkánjú kò pọn dandan, nítorí pé ohunkóhun tí wọ́n bá pa rẹ́ níbẹ̀ ṣì wà nínú ìtàn, a sì lè mú un jáde nígbàkigbà.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan nílé mi ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Mo ti kọ àyọkà kan tán, mo sì padà wá rí i pé ẹnì kan tí kò ní orúkọ oníṣe ti fọwọ́ kan ìpínrọ̀ márùn-ún. Ojú ìwé tí mo fi ń ṣe àfiwé kún fún àwọ̀, bí ẹni pé wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀, mo sì kọ “ìbàjẹ́” sí àyè àlàyé, níbi tí a ti ń sọ ìdí tí a fi ṣe àtúnṣe. Ní ọjọ́ kejì ni mo tó fara balẹ̀ wò ó: ẹni náà kò yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá ń gbà fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń lo ẹ̀kán tó rí roboto, àwọn mìíràn ń lo ìlà kúkúrú tó dúró ṣánṣán, ojú ènìyàn sì lè má tètè rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fi èkíní kọ ọ̀rọ̀, tí ẹlòmíràn sì fi èkejì wá a, ó lè má rí i. Ẹni tí mo pè ní bàsèjẹ́ yìí ti jókòó sọ gbogbo àmì mi di oríṣi kan náà, iṣẹ́ tí èmi gan-an ti ń sá fún.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ohun tó yí padà, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni ì bá mú ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ ṣe irú nǹkan báyìí. Ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn Odùduwà ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ifẹ̀, ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé ẹ̀wọ̀n ni ó fi rọ̀ láti òkè ọ̀run. Àwọn mìíràn gbọ́ láti kékeré pé láti ìlà-oòrùn ni ó ti wá. Ẹni tó bá yọ ẹ̀wọ̀n kúrò, tó sì fi ìlà-oòrùn síbẹ̀, lè rò pé àṣìṣe ni òun ń tún ṣe. Kì í ṣe ẹni tó borí nínú ìjà ni kí a fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kí a kọ méjèèjì, kí a sọ àwọn tó ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì tọ́ka sí ìwé tó wà fún un. Bákan náà ni ti àwòrán ilẹ̀. Ẹnì kan lè jókòó sí Jámánì, kí ó máa fi àwòrán sátẹ́láìtì ya ẹ̀bá Iléṣà, kí ó sì sọ ipa ẹsẹ̀ tó gba inú oko kòkó kọjá di títì ọkọ̀. Ibi tó wà ni kò jẹ́ kó mọ̀, àwa tí a ń gba ibẹ̀ kọjá ni a lè sọ fún un.

Nígbà náà ni kí ẹ béèrè, nítorí a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àwọn àgbà pè ní àgbà òṣìkà. Ojú ìwé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyọkà kọ̀ọ̀kan ni ibi tó yẹ. Ẹ kí i, ẹ dárúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ sì béèrè ohun tí ó lè dáhùn: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ yí ọdún tó wà ní ìlà kẹta padà. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni ẹ ti rí i, kí n lè fi kún un?” Ẹ fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, nítorí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá fi “o” dá yín lóhùn, ẹ má tètè bínú: ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ẹ̀ka-èdè ilé wọn ṣì wà lẹ́nu wọn ń fi “ìwọ” bá àgbà sọ̀rọ̀ láìní ìwọ̀sí kankan nínú.

Ẹ fún un ní ọjọ́ 3 tàbí 4. Iná lè ti lọ, dátà lè ti tán.

Bí ìdáhùn bá dé tí ẹ kò sì fohùn ṣọ̀kan, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ ara yín padà síwá sẹ́yìn. Lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 3 lọ lójú ìwé kan láàárín wákàtí 24 ni wọ́n lè dá dúró fún ìgbà díẹ̀, kódà bí òtítọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pe ẹlòmíràn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà sí i.

Inú rere yìí ní ààlà o, mo sì rò pé ẹni tí kò bá sọ ààlà rẹ̀ ń tan àwọn ẹni tuntun jẹ ni. Bí ẹnì kan bá kọ èébú tàbí ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí nípa ẹni tó wà láàyè, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀; bí ó bá da ìwé oníwèé kọ láìgba àṣẹ, bákan náà ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó da ìwé kọ má mọ̀ pé kò bófin mu, nítorí náà ẹ yọ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti kìlọ̀ fún léraléra, tó sì ń padà wá fi ìpolówó oògùn rẹ̀ sínú àyọkà, ti fi ẹ̀rí lélẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi tó alámòójútó, ẹni tó lágbára láti dá irú wọn dúró, létí, kí ẹ tọ́ka sí àwọn àtúnṣe náà, kí ẹ má sì bú u.

Bí ó bá wá já sí pé ẹ̀yin ni ẹ ṣì í, ẹ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ipò tó fi í sí, kí ẹ sì tọrọ àforíjì níbi tí ẹ ti fẹ̀sùn kàn án. Mo ṣe é fún ẹni tó tún àmì mi ṣe. N kò mọ̀ bóyá ó rí i, nítorí kò ní orúkọ oníṣe. Àyè àlàyé ni mo kọ ọ́ sí, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní, ní ìlà tó tẹ̀ lé ibi tí mo kọ “ìbàjẹ́”.