Bí Mo Ṣe Fi Ojú Ara Mi Ka Wàláà Ìkòkò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta ti Pylos

Wàláà amọ̀ ni, kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìlú Áténì ló wà báyìí, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè Gíríìsì. PY Ta 641 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. PY yẹn dúró fún Pylos, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí ààfin ńlá kan wà tí iná jó ní nǹkan bí 1180 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn akọ̀wé ààfin náà kì í sun wàláà wọn. Wọ́n á kọ ọ́ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá tò ó pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Iná tó run ààfin ló sun amọ̀ yẹn le. Ká ní ààfin ò jóná ni, omi ìbá ti sọ gbogbo àkọsílẹ̀ wọn di ẹrẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Mo ti rí i kà lọ́pọ̀ ìgbà pé wàláà yìí ló pa àwọn tó ń ṣiyèméjì sí Michael Ventris, ẹni tó ní òun ti rí bí wọ́n ṣe ń ka ìkọ̀wé orí rẹ̀, lẹ́nu mọ́. Ó wá sú mi láti máa gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo ní kí n kà á fúnra mi, àmì kan tẹ̀ lé èkejì, kí n mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Mi ò kọ́ èdè Gíríìkì nílé ìwé. Ohun tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ ò ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè wá rí nínú ìwé atúmọ̀ lọ. Síbẹ̀ mo kà á dópin. Ọ̀nà tí mo gbà rèé, fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò.

Àtẹ àmì ni mo kọ́kọ́ wá. Linear B ni orúkọ ìkọ̀wé náà. Arthur Evans, tó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Knossos ní erékùṣù Kírétè lọ́dún 1900, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní nǹkan bí 90 àmì tó dúró fún sílébù, ó sì tún ní àwọn àwòrán tó dúró fún ohun tí wọ́n ń kà: ọkùnrin, obìnrin, àgùntàn, kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ìkòkò. Àwọn àmì sílébù ni mo fi ọwọ́ yà sínú ìwé. Mo pín ojú ìwé sí òpó márùn-ún, a, e, i, o, u, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti kọ́ńsónáǹtì kan: da, de, di, do, du, ka, ke, ki, ko, ku, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rọrùn. Àgbélébùú kékeré lásán ni ro. Igi kan tó dúró, tí ìlà méjì dábùú rẹ̀, ni pa. Ka àti qe ló gba sùúrù: róbótó ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àgbélébùú ló wà nínú ka, inú qe sì jẹ́ tótòtó. Bí fọ́tò ò bá mọ́ dáadáa, èèyàn lè fi ọ̀kan pe èkejì, nítorí náà ẹ wá fọ́tò tí ẹ lè fẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Mo fi díẹ̀ lára àwọn àmì náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tó fi pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi ránṣẹ́ yìí? Àpótí òfìfo ni mo ń rí.”

Láti 2003 ni Linear B ti wà nínú Unicode, ìyẹn àtẹ àmì tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò, àmọ́ ọ̀pọ̀ fóònù ni kò ní lẹ́tà tó máa gbé e jáde. Mo ní kó wa Noto Sans Linear B sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó tún pè.

“Ó ti yọ o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ọmọ jẹ́léósinmi ló ya èyí ni?”

Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Lẹ́yìn àtẹ ni òfin ìkọ̀wé náà. Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí òyìnbó kò ní. Linear B kò lè kọ kọ́ńsónáǹtì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì lè fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹnu wa ṣe sí búrẹ́dì kó tó di tiwa, òun náà ni akọ̀wé Pylos ń ṣe sí ọ̀rọ̀ Gíríìkì lórí amọ̀. Knossos di ko-no-so. Amnisos di a-mi-ni-so. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa ń pe fáwẹ̀lì tí a fi há àárín, àwọn kì í pè é. Orí amọ̀ ló mọ. Bí s, n, r tàbí l bá sì wà ní ìparí sílébù, wọn kì í kọ ọ́ rárá, i inú oi náà sì sábà máa ń já: khalkos, ìyẹn idẹ, di ka-ko, poimen, ìyẹn olùṣọ́ àgùntàn, di po-me. Àmì kan náà ni r àti l ń lò. K, g àti kh ń pín àmì lò, p, b àti ph náà ń pín in lò. Ẹni tó ń kà ló máa fọkàn ro èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu.

Ó wá kù kí n kà á. Láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń kọ ọ́, ìlà kékeré kan tó dúró ló sì ń pààlà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti òmíràn. (Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé náà fún ìyẹn.) Àmì mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́: ti, ri, po, de. Tripode. Ẹ̀ta ni tri, ẹsẹ̀ ni pod. Mo tẹ̀ síwájú: ai-ke-u, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ èèyàn ni, lẹ́yìn rẹ̀, ke-re-si-jo we-ke, iṣẹ́ ọwọ́ ará Kírétè. Àwòrán ìkòkò kan ló tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ gbangba, igi kéékèèké méjì sì dúró níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ iye nìyẹn: igi tó dúró jẹ́ ẹyọ kan, èyí tó dùbúlẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, róbótó jẹ́ ọgọ́rùn-ún.

Ìkòkò méjì nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ ti-ri-po-de, torí èdè Gíríìkì àtijọ́ ní bó ṣe ń pe nǹkan tó bá jẹ́ méjì gééré, tó yàtọ̀ sí bó ṣe ń pe ẹyọ kan, tó sì tún yàtọ̀ sí ti púpọ̀. Nígbà tí mo dé ìkòkò tó kàn, ti-ri-po ni mo rí. Kò sí de mọ́. Mo wo iwájú àwòrán rẹ̀: igi kan ṣoṣo.

Ìlà kejì ló mú mi dìde lórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú qe-to, 3, ìyẹn ìkòkò ọtí ńlá mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, di-pa ló kún ibẹ̀, ohun èlò kan tí ó ní etí. Etí ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń gbá a mú. Me-zo-e ni èyí tó tóbi, me-wi-jo ni èyí tó kéré. Ọ̀rọ̀ tó kàn ni qe-to-ro-we: ẹlẹ́tìí mẹ́rin. Mo fẹ fọ́tò lójú, mo ka etí tó wà lára àwòrán tó wà níwájú rẹ̀. Mẹ́rin ni. Ìkejì, ti-ri-o-we-e: ẹlẹ́tìí mẹ́ta. Mo kà á, mẹ́ta ni. Àwọn náà sì jẹ́ méjì, wọ́n kọ di-pa-e dípò di-pa, bí òfin èjì ṣe wí. Nígbà tí mo dé ìparí ìlà kẹta, mo bá a-no-we, aláìlétí. Àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ pá lọ́rùn, kò ní etí kankan.

Kí ẹ tó mọ ìdí tí èyí fi tó nǹkan, ẹ ní láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1952, Ventris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ya àwòrán ilé, bọ́ sórí rédíò BBC, ó ní èdè Gíríìkì ló wà nínú Linear B. Ṣáájú rẹ̀, Alice Kober ní Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú wàláà Knossos ń yí ìdí wọn padà lọ́nà kan náà. Ó kú ní 1950, kò rí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ já sí, mo sì gbà pé orúkọ rẹ̀ yẹ kó máa dún ju bó ṣe ń dún lọ. Àwọn tó ń ta ko Ventris sọ pé bí èèyàn bá ní àǹfààní láti fún àmì ní ohùn tó wù ú, kò sí èdè tí kò lè rí níbẹ̀. Carl Blegen wá wa PY Ta 641 jáde ní 1952. Ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ lọ́dún kejì ni ó fi àtẹ Ventris dán an wò, ó sì kọ lẹ́tà sí Ventris ní oṣù Karùn-ún 1953. Ventris ò rí wàláà yìí rí nígbà tó ń ṣe àtẹ rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé ìkòkò aláìlétí kan wà nínú ilẹ̀ ní Pylos.

Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lójú tèmi, etí ni ẹ̀rí náà wà. Ọ̀rọ̀ kan lè ṣe déédéé pẹ̀lú àwòrán kan nípa èèṣì. Ṣùgbọ́n kí mẹ́rin bá mẹ́rin mu, kí mẹ́ta bá mẹ́ta mu, kí aláìní sì bá aláìní mu, lórí wàláà kan náà? Rárá o.

Mo padà sí ìlà àkọ́kọ́, nítorí mo ti sáré kọjá nǹkan méjì níbẹ̀. Ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kejì ni wọ́n kọ e-me po-de o-wo-we sí lára: ẹsẹ̀ kan, etí kan. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ku ẹyọ kan! Ti ẹ̀kẹta tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: a-pu ke-ka-u-me-no ke-re-a2, iná ti jó ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ. Ààfin ọba ni o, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń kọ àbùkù ìkòkò sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ idẹ kì í ṣe ohun àdánù. Ìkòkò tó bàjẹ́ ṣì ṣeé yọ́, ẹni tó bá sì ń tọ́jú ẹrù ọba gbọ́dọ̀ lè jíhìn bó ṣe bá a.

Ó sì dà bíi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Wàláà yìí ò dá wà. Mẹ́tàlá ni wọ́n, akọ̀wé kan náà ló kọ wọ́n, ẹni tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ọwọ́ Kejì ní Pylos. Èyí tó ṣáájú wọn, Ta 711, sọ pé ohun tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pu2-ke-qi-ri rí rèé nígbà tí ọba fi Augewas sí ipò da-mo-ko-ro. Ẹnì kan gba oyè, wọ́n sì ka ẹrù. Tábìlì, ìtẹ́, àpótí ìtìsẹ̀, àáké àti ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹrù àsè àti ìrúbọ ni. John Killen wà lára wọn, òun náà ló ṣe olóòtú àtúnṣe ńlá tó jáde ní 2024 sí ìwé tí Ventris àti John Chadwick, onímọ̀ èdè Gíríìkì tó bá a ṣiṣẹ́, kọ ní 1956.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó lọ sí DAMOS, ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ Linear B jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Yunifásítì Oslo ń tọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ kó kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti wo ìdáhùn, ojú yín ò ní wo àmì mọ́.

Mo gbìyànjú àtẹ kan náà lórí Linear A, ìkọ̀wé tó ṣáájú Linear B ní Kírétè. Ẹnu mi pe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, torí àmì méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ èdè tó wà níbẹ̀. Ku-ro nìkan ló hàn kedere: àpapọ̀ ni, nítorí ìdí ìṣirò ló máa ń wà. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé èyí tó gùn jù lọ nínú gbogbo Linear A jáde, nǹkan bí 119 àmì, lára ọ̀pá eyín erin kan tí wọ́n rí ní Knossos. Mo wò ó, mo tún gbé e sílẹ̀.

Ta 722 ni mo wá ń kà báyìí. Àpótí ìtìsẹ̀ ni wọ́n ń ṣàpèjúwe, ta-ra-nu, tí wọ́n fi eyín erin ṣe ọnà sí: a-to-ro-qo, èèyàn, i-qo-qe, àti ẹṣin, torí qe tó wà ní ìparí ni “àti” wọn. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò ṣí ìwé kankan kí n tó mọ̀ ọ́n: po-ru-po-de-qe. Mo ti mọ po-de lára ìkòkò. Ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, ẹranko inú òkun tí òyìnbó ń pè ní octopus. Po-ni-ke-qe ló kẹ́yìn, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣì ń jà lé e lórí. Àwọn kan ní igi ọ̀pẹ ni, àwọn kan ní ẹranko abìyẹ́. Ọ̀pẹ ni mo kọ sínú ìwé tèmi.