Bí mo ṣe bá wọn gbin ewéko ìbílẹ̀ sí etí òkun New Zealand

Iyanrìn etí òkun kì í dúró sójú kan. Ní New Zealand, ewéko ìbílẹ̀ méjì ló ń dì í mú níwájú òkun: spinifex àti pīngao. Spinifex a máa na ìtàkùn lọ lórí ilẹ̀. Bí iyanrìn bá bò ó, á tún yọrí. Àmọ́ marram, koríko tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù, ti gba ibi púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Òun náà ń kó iyanrìn jọ, ṣùgbọ́n òkìtì tirẹ̀ máa ń ga gogoro, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dúró ṣánṣán, kò sì ní jẹ́ kí ewéko mìíràn ráyè.

Ìgbà òtútù, láti Òṣù Kẹfà sí Òṣù Kẹjọ, la máa ń gbìn, torí iyanrìn tutù nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó máa bomi rin ín lẹ́yìn wa. Àkókò kéré, ewéko pọ̀. Ìdí nìyẹn tí arìnrìn-àjò tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo fi wúlò gan-an. Kí n tó lọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ bàtà mi, nítorí hóró èpò tó bá há síbẹ̀ lè tibi kan báni dé ibòmíràn.

Ẹni méjì ni kó ṣe é: ọ̀kan ń gbẹ́, èkejì ń gbìn. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì gbá iyanrìn gbígbẹ òkè kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó tutù. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ihò á máa wó padà, iyanrìn gbígbẹ á sì yí gbòǹgbò ká. Ihò wa jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. A da ajílẹ̀ tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, bíi gíràmù 30, sísàlẹ̀, a sì bu iyanrìn lé e kí ó má baà jó gbòǹgbò. Ẹ fọwọ́ fún ẹ̀gbẹ́ ike tí ewéko náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ dé sọ́wọ́. Ẹ má fi ewé fà á yọ.

Àṣìṣe tó ń pa á jù ni àìgbìn ín jìn tó. Ìdí ewéko gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kódà bí ewé díẹ̀ bá bò mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa gbá iyanrìn òkè lọ. Gbòǹgbò tó bá yọjú, ó gbẹ nìyẹn. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fà á wò díẹ̀: bí ó bá ń bọ̀, ẹ tún un tẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ìlà kejì sì ń bọ́ sí àlàfo ìlà àkọ́kọ́.

Ibi tí ehoro bá pọ̀ sí, kí wọ́n kápá wọn kí a tó gbin ohunkóhun, nítorí wọ́n á jẹ ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ tán. Ẹ má ṣí igi tí òkun gbé wá nípò: ó ń gba iyanrìn dúró, aláǹtakùn katipō sì ń gbé abẹ́ rẹ̀. Olóró ni, ṣùgbọ́n ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni, òfin sì dáàbò bò ó.

Ní ìparí, a ṣa gbogbo ike kí afẹ́fẹ́ má gbé wọn sókun, a sì kà wọ́n. Iye yẹn ni àwọn tó ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò yóò fi mọ iye tó kú.